Ìkòkò Tí Mo Fi Ń Se Okùn Gìtá

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kí ẹ sì gbé gìtá yẹn kúrò lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Etí mi ṣì ń gbọ́ dáadáa, ohùn mi ni kò lágbára mọ́. Ẹ ní kí n sọ bí ayé olórin ṣe rí nígbà tiwa. N óò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé tíṣà o. Ibi tí ìrántí bá fà mí gbà ni n óò gbà, ẹni tó bá fẹ́ sùn kó sùn.

Mànàmáná ni orúkọ báńdì wa. Àwa mẹ́rin ni. Akínọlá ló ń kọrin, Adétulà, ọmọ Oǹdó, ló ń ta gìtá, èmi ni mò ń ta béèsì, gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ máa ń dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá lórí pákó. Onílù wa ti lọ sinmi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Béèsì náà ni wọ́n sì ń pè mí. Títí dòní, bí ẹnìkan nínú wọn bá gbọ́ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, á béèrè pé ta nìyẹn.

Rọ́ọ̀kì là ń ta. Gìtá Adétulà máa ń ké bí ayùn níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa fò sókè. Ìyá mi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, ní ariwo yẹn kò gbọdọ̀ wọ ulé òun, nítorí náà ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi ọsàn, la ti ń kọ́ orin. Àwọn ará àdúgbò a máa ráhùn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ mélòó kan bá lọ tí a kò fọwọ́ kan gìtá, àwọn náà ni yóò tún máa béèrè pé ṣé kò sí o, ṣé ara le.

Ẹ̀yin lónìí, ẹ ó gbé gìtá sẹ́yìn, ẹ ó wọ ọkọ̀, ẹ ti dé. Àwa, ọkọ̀ agbégẹdú la máa ń bẹ̀ kó gbé wa. Orí igi la máa ń jókòó lé, a ó so ìlù mọ́lẹ̀, a ó di sípíkà mú bí ẹni di aboyún mú. Ìgbà kan, ọkọ̀ kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ọ̀wẹnà nígbà tí à ń lọ sí Oǹdó. Dírẹ́bà ní ó di ọ̀la. Akínọlá ní kí la fẹ́ máa wò. Wọ́n yá wa ní jẹnẹrétọ̀ ní ilé ẹnìkan tó ń ra kòkó, a sì ta orin fún àwọn ará Ọ̀wẹnà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wa. Mi ò tíì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àfi ti ìwé ìkéde. Ògì la fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, torí ògì pọ̀ nílé ju gọ́ọ̀mù lọ. A lẹ gbogbo Àkúrẹ́ tán, inú wa dùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ewúrẹ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ ògì, ó sì fi ìwé ṣe ẹran. Ojú Akínọlá nìkan ló kù lórí ògiri kan, ibi tí ọrùn ewúrẹ́ kò dé. Ó sì ní ẹ̀rí nìyẹn pé òun ni olórí báńdì.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ìkòkò tí ẹ ń wò nílẹ̀ yìí, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Okùn béèsì wọ́n bí ojú nígbà náà. Èkó ni wọ́n ti ń rà á. Okùn mẹ́rin kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì lò ó tó ọdún mẹ́ta. Bí òógùn ọwọ́ àti ìdọ̀tí bá ti wọ inú rẹ̀, ohùn á kú, á máa dún bí ẹni ń lu páálí. Kí la máa ń ṣe? Ṣe la máa ń sè é. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìkòkò irin tí ìyá mi ti pa tì yìí ni mo máa ń bu omi sí, n óò tú okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n óò ká wọn, n óò gbé wọn kaná. Bí omi bá ti hó fún ìwọ̀nba ìgbà tí ènìyàn fi lè bẹ iṣu kan tán, n óò yọ wọ́n, n óò nù wọ́n gbẹ. Ẹ wá gbọ́ ohùn. Á tún máa dún bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀. Bí eré bá wà ní Sátidé, Ọjọ́bọ̀ la gbọ́dọ̀ se okùn. Okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè tí a sì tún so máa ń dẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa já sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. O ní láti fà á, kó sùn, kó o tún fà á lọ́jọ́ kejì, títí yóò fi dúró. Adétulà ló ṣe òfin yẹn. Etí rẹ̀ ló mú jù nínú wa. Bí o bá fi ṣíbí kan ìgò, á wá ibi tí ohùn náà wà lórí gìtá, á sì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù yín tó ń tan iná aláwọ̀ ewé láti sọ fún yín pé ohùn okùn ti bọ́ sípò, tàbí pupa bí kò bá tíì tọ́, a kò ní irú rẹ̀. Adétulà ni fóònù wa.

Ó wá di ọjọ́ kan báyìí, a fẹ́ ta orin ní gbọ̀ngàn ìlú ní Oǹdó, ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ògún, tí àwọn ọmọ Oǹdó ń wálé láti ibi gbogbo. Ilé Adétulà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ tí kò fẹ́ràn orin tẹ́lẹ̀ ní òun yóò wá wò ó. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, dípò kí n se okùn, mo gba Ìta-Ògbólú lọ. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí mo ń dọdẹ rẹ̀. Òun náà nìyẹn tó ń ṣẹ́jú sí mi lẹ́nu ọ̀nà yẹn, màmá yín ni. Ó dáná fún mi, mo jẹun, mo sùn sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọjọ́ Ẹtì ni mo padà. Àárọ̀ Sátidé ni mo tó se okùn. Mo ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀.

Orin kejì la wà tí mo ti rí i pé okùn ń dẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Béèsì ni ilẹ̀ tí àwọn yòókù dúró lé. Bí ilẹ̀ bá ń rì, ẹni tó dúró ṣánṣán ló máa dà bí ẹni pé ó ń wọ́. Akínọlá ń tẹ̀lé mi lọ sísàlẹ̀, ohùn gìtá Adétulà nìkan ló wá ń dún lókè. Adétulà wo gìtá rẹ̀. Ó yí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn lórí rẹ̀ kó lè bá wa mu. Orin tó tẹ̀ lé e, mo tún ti rì sí i. Ó tún yí i. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé wa lórí, wọ́n ń ju èèpo ọsàn. Bàbá rẹ̀ wà níwájú, ó tẹ orí ba.

Akínọlá yíjú sí wa, ó béèrè pé ta ló ń ba orin jẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ni. Ọlọ́run mọ̀ pé mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú mú mi, ẹnu mi sì ti wà lẹ́bàá ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Mo ní, “Adétulà ni. Etí ẹ̀ ti kú.”

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Kò bá mi jà. Bó bá jẹ́ pé ó gbá mi létí ni, bóyá ẹnu mi ì bá yà kí n jẹ́wọ́. Ó kàn dúró, ó fi ìka kan okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn àlejò. Ó ní, “Ó lè jẹ́ èmi ni.” Ó gbé gìtá sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì fọwọ́ kan gìtá mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni Mànàmáná kú. Adétulà dúró sí Oǹdó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Akínọlá di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ń tún rédíò ṣe níbí. Ó lé ní ogójì ọdún. Màmá yín nìkan ni mo sọ òtítọ́ fún, mo sì ti ń kábàámọ̀ pé mo sọ fún un, torí kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí rédíò bá ti ń kọrin, á ní, “Ṣé o ti lọ sí Oǹdó?” Mo máa ń dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́, gbogbo wa ti gbàgbé. Irọ́ ni. Ẹni tó ṣe é ló máa ń fẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ọjọ́ kan ṣá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ níbí ló kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti rí rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí a ṣe nígbà náà nílé olùkọ́ wọn kan, wọ́n ti gbé e sórí fóònù, àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò tíì bí nígbà tiwa ti ń kọ ọ́ kiri. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ tún báńdì kó jọ, ká lọ káàkiri: Àkúrẹ́, Ìlárá-Mọ̀kín, ká sì parí rẹ̀ sí Oǹdó. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn bá mú gìtá, ó sì ta orin wa kan bí Adétulà ṣe máa ń ta á, títí kan ibi tí yóò ti fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ké. Ara mi bù máṣọ. Ọmọbìnrin ni, Bọ́lá lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní rẹ́kọ́ọ̀dù ló kọ́ òun, bàbá àgbà òun gan-an ló ta á, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí gìtá wọ ilé.

Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Bàbá àgbà ní etí ìdílé wa ò dáa, pé kí n má lọ fi ara mi wọ́lẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.”

Ọmọ ọmọ Adétulà ni. Mo wá ń ṣọ́ ọmọ náà bí ó ṣe ń ta gìtá. Bó bá ta díẹ̀, á wo fóònù rẹ̀ bóyá iná rẹ̀ ti tàn. Á tún yíjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní ṣé ó dún dáadáa, ṣé ó bára mu. Ó ta á dáadáa ju ẹni tó ń bi lọ, ó sì ń bi í! Mo rí iṣẹ́ ọwọ́ ara mi lára ọmọ tí kò mọ̀ mí rí. Ohun tí mo sọ láti fi bo ìtìjú ọjọ́ kan ti gba inú baba dé inú ọmọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ. Mi ò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ yẹn.

A ránṣẹ́ sí Adétulà, ó ní òun kò ṣe, kí Olúwa tì wá lẹ́yìn. Akínọlá gbà lójú ẹsẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò dárí jin òun. Báyìí la bẹ̀rẹ̀, Bọ́lá ń ta ti bàbá rẹ̀ àgbà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń lu ìlù. Ní Àkúrẹ́, àwọn tó ti hewú dìde dúró, wọ́n ń kọrin bá wa, omi ń bọ́ lójú wọn. Ní Ìlárá-Mọ̀kín, báńdì àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ta tiwọn kó tó kàn wá, ọ̀kan tiẹ̀ fi èdè ìlú wọn kọ rọ́ọ̀kì, ó sì gún régé. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń dúpẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí mú àkísà wa, wọ́n sì rán an di aṣọ tuntun.

Ó wá ku Oǹdó. Màmá yín kò bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ mọ́. Ó kàn wọ aṣọ, ó gbé báàgì, ó ní, “Ẹnu tó o fi bà á jẹ́ náà ni wàá fi tún un ṣe. Dìde.” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. A bá Adétulà ní pálọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ti funfun báláú. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Mi ò lè mu omi náà.

Mo ní, “Adétulà, etí rẹ kò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Okùn tèmi ló ń já sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni mo sè é. Mo sì ti mọ̀ kí n tó dárúkọ rẹ.”

Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màmá yín ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Adétulà ní bàbá òun kú lọ́dún tó tẹ̀ lé ọjọ́ náà, ohun tó sì gbọ́ kẹ́yìn lórí orin òun ni ohun tí mo sọ. Ó ní òun tọ́ ọmọ mẹ́ta nínú ilé náà láìjẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohun orin kan. Kò pariwo. Ó wá gbójú sókè.

“Ogójì ọdún ni mo fi ń bẹ̀rù etí ara mi, Béèsì. Máa lọ.”

A lọ. Mi ò bínú, kí ni n óò bínú sí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi lọ fún ìlọ́po méjì, ó sì yẹ kó dùn mí ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí a délé, mo wá ìkòkò yìí jáde lábẹ́ àwọn rédíò tó ti bàjẹ́. Bọ́lá ti ra okùn tuntun fún mi, okùn tó dára, ṣùgbọ́n mo tú u sílẹ̀, mo so àwọn ògbólógbòó mọ́ gìtá padà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo sè wọ́n, mo fà wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn náà náà ni. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi fáànù sí i, ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ kìíní ni mo tún dúró sí. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Akínọlá. Mo sọ fún àwọn ará Oǹdó pé níbí yìí ni mo ti pa irọ́ mọ́ ọmọ wọn, pé etí tó dáa jù tí mo bá pàdé láyé ni mo pè ní òkú etí, nítorí kí ojú má baà tì mí. Àwọn àgbà kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà rántí. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi tó ń dùn mí, Akínọlá ló sì fà mí dìde.

Mi ò mọ̀ pé ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ènìyàn ló ń yà fún un. Adétulà rọra ń gòkè bọ̀, ó di ọwọ́ àga kọ̀ọ̀kan mú títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wo béèsì mi, ó fi ìka kan okùn tó nípọn jù, ó tẹ́tí.

Ó ní, “Ọjọ́ wo lo sè é?”

Mo ní, “Ọjọ́bọ̀.”

Ó ní, “Ó tó àkókò.” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí bí ọmọdé. Mo dúpẹ́ títí dòní pé mo wà láàyè gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ó na ọwọ́ sí Bọ́lá, ọmọ náà sì gbé gìtá tirẹ̀ fún un, òun wá mú gìtá kejì tó wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń so gìtá mọ́ ẹ̀rọ, okùn ti ṣí kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bọ́lá sáré na fóònù rẹ̀ sí i kó lè fi wò ó. Bàbá rẹ̀ àgbà mi orí. Ó di ojú. Ìka rẹ̀ ti le, ó yí kọ́kọ́rọ́ kìíní, ó dúró, ó yí i padà ní ìwọ̀n irun orí kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èmi ni mo sún mọ́ Bọ́lá jù, nítorí náà mo rí i. Ó ti fi fóònù pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀, ó ń wò ó bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń dún. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó tún tàn. Ó tàn lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sí pupa kankan níbẹ̀. Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ àgbà tó ṣì di ojú, ó pa fóònù, ó tì í bọ àpò. Ó wá tẹ orí sí gìtá ọwọ́ tirẹ̀, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó dún dáadáa.